Ábúrámù ti sùn lọ

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú ọdún, alẹ́.

Ìsìn Májẹ̀mú la ṣe lónìí, ìsìn tí a fi ń tún májẹ̀mú wa pẹ̀lú Ọlọ́run ṣe. Ọdún 1755 ni John Wesley, tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, kó àwọn èèyàn bíi 1,800 jọ sí Spitalfields ní Lọ́ńdọ̀nù fún irú rẹ̀, àwa Mẹ́tọ́díìsì ò sì tíì jẹ́ kó parẹ́. Nígbà tí a ka àdúrà náà débi tí a ti ń sọ fún Ọlọ́run pé kó fi wá sẹ́nu iṣẹ́ tàbí kó fi wá sínú ìyà, èyí tó bá wù ú, ohùn gbogbo wa lọlẹ̀. Ètè lásán lèmi ń mì. Màmá mi ò tiẹ̀ wo ìwé. Orí ni wọ́n ti ń kà á, wọ́n sì ń kà á kíkan.

Mo délé, mo ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 15. Ábúrámù la abo màlúù, ewúrẹ́ àti àgbò sí méjì, ó tò wọ́n kọjú síra. Kò la àdàbà àti ọmọ ẹyẹlé tó wà pẹ̀lú wọn. Làwọn ẹyẹ ajẹran bá ń bà lé òkú ẹran, baba àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn. (Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an.) Láyé ìgbà náà, àwọn tó ń dá májẹ̀mú a máa gba àárín ẹran náà kọjá, pé ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́, kó rí bí ẹran yìí ti rí. Bí ìmùlẹ̀ tiwa náà nìyẹn, tọ̀tún tòsì ní í mu ún. Àmọ́ ilẹ̀ ṣú, oorun gbé Ábúrámù lọ, iná àti èéfín nìkan ló gba àárín ẹran kọjá. Ọlọ́run nìkan ló mulẹ̀.

Àwọn Júù ń kọ ọmọkùnrin nílà lọ́jọ́ kẹjọ, àmì májẹ̀mú Ábúrámù nìyẹn, ọjọ́ náà ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, bí ìkómọ tiwa. Kí lọmọ ọjọ́ mẹ́jọ fẹ́ ṣèlérí? Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó lanu ṣèlérí ní òkè Sínáì ńkọ́? Mósè ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n fi rọ ère ọmọ màlúù. Ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín ká dá májẹ̀mú àti ká da májẹ̀mú. Síbẹ̀ Ọlọ́run ní kí Mósè gbẹ́ wàláà méjì mìíràn.

Ife Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tí mo gbà láàárọ̀ náà ńkọ́? Ẹnu ni mo là, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe tèmi.

Mo bi màmá mi bóyá ibi ìyà yẹn ò bà wọ́n lẹ́rù.

"Ọdọọdún ló ń bà mí lẹ́rù," ni wọ́n wí. "Wá bá mi yọ abẹ́rẹ́ inú gèlè yìí."