Wíwọn Ọ̀pá Ìbọn Kó Tó Dẹjọ́

Ẹni tó bá fẹ́ to ìbọn fúnra rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, téèpù ni kó kọ́kọ́ wá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1934, tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn náà, ló fa ìlà náà: ọ̀pá ráífù kò gbọdọ̀ dín ní íǹṣì 16, ti shotgun, ìbọn tó ń da ọta wẹ́wẹ́, kò gbọdọ̀ dín ní 18. Tó bá dín, àfi kó ti gbàwé àṣẹ kó tó tò ó.

Ìta ọ̀pá lọ̀pọ̀ ti ń wọ̀n ọ́n, àṣìṣe nìyẹn. Yọ magasíìnì (àpò ọta), wo ihò ọta lẹ́ẹ̀mejì pé ó ṣófo, kí o pa bọ́ọ̀tì, irin tó ń dé ẹ̀yìn ihò ọta, dé. Ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹnu ìbọn wọlé títí yóò fi kan ojú bọ́ọ̀tì, sàmì sí i lẹ́nu ìbọn gan-an, fà á jáde, kí o wọ̀n ọ́n.

Ohun tó ṣeé tú lẹ́nu ìbọn kò sí nínú ìwọ̀n. Gúlù kò ràn án. Àfi kí wọ́n jó o mọ́ ọn. Síbẹ̀, ọ̀pá oníǹṣì 14.5 tí wọ́n jó ohun ẹnu ìbọn oníǹṣì 1.5 mọ́ kò ní pé 16, torí apá kan ohun náà ti gun orí ibi tí wọ́n ti yí i wọ ọ̀pá. Ibí yìí ló ń mú àwọn tó gbójú lé ìṣirò.

Òfin ìpínlẹ̀ mìíràn tún le jù báyìí lọ.