Mo Wá Núdù Wuhan Dé Soho, Camberwell Ni Mo Ti Yó

£33.50 ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin san fún oúnjẹ Ṣáínà ní Soho, àárín London, lọ́jọ́ Sátidé, ebi ṣì ń pa wá nígbà tá a jáde. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jẹ́ n rò ó, kí ẹlòmíì má bàa fi owó tiẹ̀ kọ́ ọ.

Ohun tí mò ń wá ò le. Wuhan ni mo ti kàwé, ìlú ńlá tí odò Yangtze là kọjá ní ìpínlẹ̀ Hubei. (Láti 2020, tí mo bá ti dárúkọ Wuhan báyìí, àwọn èèyàn á rọra sún sẹ́yìn.) Kí ayé tó fi àìsàn mọ ìlú yẹn, oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n fi ń yangàn. Ojú títì ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, lórí ìdúró, lórí ìrìn, àwọn míì á gbé abọ́ bébà dání wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Reganmian sì ni ọ̀gá gbogbo ẹ̀. Núdù ni, àmọ́ ẹ gbàgbé Indomie. Wọ́n á ti bọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á da òróró sí i, wọ́n á tẹ́ ẹ kó tutù, kó má bàa lẹ̀ mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá dé, wọ́n á tún rì í bọ omi tó ń hó, wọ́n á gbọn omi ẹ̀ dà nù, wọ́n á wá da yànmọ̀tí lé e lórí, èyí tí wọ́n yan dáadáa kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, tó dúdú díẹ̀, tó ń ta sánsán. Lẹ́yìn náà ni sọ́ọ̀sì sóyà, ata olóróró, àlùbọ́sà eléwé, àti rádíṣì oníyọ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Kò sí omi ọbẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ tètè rò ó pọ̀, kẹ́ ẹ sì tètè jẹ ẹ́, torí tó bá ti tutù, kò ṣe é gbé mì mọ́.

Bọ́ọ̀sì 12 la wọ̀ láti Peckham, a sì bọ́ sílẹ̀ ní Piccadilly Circus.

Gerrard Street, òpópónà àwọn ilé oúnjẹ Ṣáínà, kún bámúbámú fáwọn tó wá ya fọ́tò lábẹ́ fìtílà pupa. Mi ò ní nǹkan kan sí àdúgbò yẹn o. Ẹ̀bá èbúté ní Limehouse làwọn ará Ṣáínà ń gbé tẹ́lẹ̀ ní London; bọ́ǹbù ogun àgbáyé kejì ba ibẹ̀ jẹ́, ẹ̀yìn ogun ni wọ́n wá ń ṣí ilé oúnjẹ sí Soho. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn nígbà yẹn, Hong Kong ni wọ́n ti wá, àwọn àgbẹ̀ láti New Territories, ìgbèríko Hong Kong, sì wà lára wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ pẹ́pẹ́yẹ sísun tàbí dim sum, àwọn oúnjẹ kéékèèké ti ìhà ọ̀hún, ó dé ilé ẹ̀. Èmi ni mo lọ ń wá oúnjẹ Hubei níbẹ̀, torí ilé oúnjẹ kan lẹ bébà mọ́ gíláàsì ẹnu ọ̀nà ẹ̀, ó kọ orúkọ reganmian sára ẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú lẹ́tà Ṣáínà.

Ìwé oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú wa nípọn ju ìwé àdúrà lọ. Oúnjẹ Sichuan wà níbẹ̀, ti Beijing wà níbẹ̀, ti Hong Kong, ti Thailand, sushi náà ò gbẹ́yìn. Àǹtí mi wo ìwé yẹn, wọ́n wò mí. "Ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló ń se gbogbo eléyìí?"

Nígbà tí núdù dé, inú omi ni. Mo tọ́ ọ wò, ẹ̀pà ni! Ẹ̀pà lílọ̀ inú ike, èyí tí wọ́n ń fi sí búrẹ́dì àwọn ọmọdé, ó tún ní ṣúgà. Rádíṣì ò sí. Ata ò ta. Mo fi èdè Ṣáínà bi ọmọ tó ń gbáwo pé yànmọ̀tí ńkọ́, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé báyìí làwọn oníbàárà ṣe fẹ́ ẹ. Oníbàárà wo? Èmi kọ́ ni mo jókòó síwájú ẹ̀ yìí? £14.50 ni núdù yẹn. Adìẹ tí Àǹtí mi bù jẹ́ £15, adùn bíi ṣúìtì ni wọ́n rí nínú ẹ̀. A béèrè omi, mo rò pé ti ẹ̀rọ ni wọ́n máa gbé wá, ike omi £4 ni wọ́n ṣí síwájú wa láìbi wá.

Bíìlì wá dé, wọ́n ti fi 12.5% lé e, owó àwọn agbáwo. Ibẹ̀ ni mo ti fárí gá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, ẹ gbọ́ o: owó yẹn kì í ṣe dandan. Ìsàlẹ̀ ìwé oúnjẹ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, bíńtín, pé tó bá wù yín ni. Láti October 2024, òfin ní kí gbogbo ẹ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, nítorí náà ibi tí wọ́n bá ti tọ́jú mi, mo máa ń san án tayọ̀tayọ̀. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti fún mi ní ẹ̀pà. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọ̀gá wọn yọ jáde, ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó yọ ọ́. Àríyànjiyàn yẹn pẹ́ ju oúnjẹ náà lọ, Àǹtí mi sì ti wọ kóòtù tipẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì 12 tá a wọ̀ padà, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Camberwell Green. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ bẹ́ẹ̀lì. "Sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, a ò tíì délé o."

"Mo ní kó o sọ̀ kalẹ̀. Ebi ń pa mí."

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wọn ló sọ fún wọn nípa Silk Road, ilé oúnjẹ Xinjiang tó wà ní Camberwell Church Street. Xinjiang jìnnà sí Wuhan gan-an. Àríwá-ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà pátápátá ló wà, tó bá Kazakhstan pààlà, àwọn Uyghur tó jẹ́ mùsùlùmí ló ni oúnjẹ ibẹ̀: àgùntàn, àlìkámà, ata. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní yunifásítì wa, ilé ìjẹun àwọn mùsùlùmí wà lọ́tọ̀, èmi tí mi ò kírun rí, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun jù, torí ẹran ibẹ̀ ni ẹran.

Àwọn igi sùyà àgùntàn ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n gún kúmínì àti ata mọ́ ọn, wọ́n ki ọ̀rá sáàárín ẹran, ọ̀rá yẹn sì ti jó létí. Àǹtí mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n nawọ́ sí ìkejì.

Dapanji tẹ̀ lé e, adìẹ inú àwo ràgàjì. Àwọn ará Shawan ní Xinjiang máa ń sọ pé ìlú àwọn ló ti ṣẹ̀. Wọ́n gé adìẹ mọ́ eegun, pọ̀tétò wà níbẹ̀ tó ti fẹ́ máa fọ́ sínú ọbẹ̀, tàtàṣé, ata gbígbẹ rẹpẹtẹ, àti huajiao, èso wóróbo tó ń mú kí ètè èèyàn kú tìpìrì. Tẹ́ ẹ bá ti jẹ ẹ́ dé àárín, wọ́n á wá da núdù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó kù. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Òyìnbó méjì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń to eegun sórí bébà ìnuwọ́. Àwa ń fọ́ ọ. Owó tá a san ò tó ti Soho, a sì gbé ìyókù lọ sílé.

Ẹni tó bá ti wọ ilé oúnjẹ "African" kan rí ní London, tó rí jollof, injera Ethiopia àti fufu Ghana lórí ìwé kan náà, ó yẹ kó ti mọ̀. Ẹni tó fẹ́ àmàlà tó dáa, ibi tí wọn ò ti mọ nǹkan míì ju àmàlà lọ ló ń lọ. Tí ilé oúnjẹ Ṣáínà bá sọ pé gbogbo Ṣáínà lòun ń sè, ẹ yára jáde. Èyí tó dárúkọ ìlú kan ṣoṣo, tí ìwé oúnjẹ ẹ̀ ò ju ojú ewé kan tàbí méjì lọ, òun ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Ẹ tún wo àwọn tó ń jẹun níbẹ̀. Ní agbègbè Euston, nítòsí àwọn yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ṣáínà pọ̀, wọn ò sì ní gbà kẹ́nikẹ́ni fi ẹ̀pà tàn wọ́n. Ẹ má dá nìkan lọ jẹ dapanji o, kẹ́ ẹ sì mú owó lọ́wọ́, torí irú ilé oúnjẹ kékeré bẹ́ẹ̀ míì kì í gba káàdì.

Reganmian mi ṣá, mi ò tíì rí i. Ọmọ Wuhan kan tá a jọ kàwé ní kí n yéé da ara mi láàmú, ilé lòun ti ń sè é. Ó ní kí n ra yànmọ̀tí lílọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ṣáínà, kí n má ra tahini, torí wọn kì í yan yànmọ̀tí ti tahini tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún Àǹtí mi pé Soho ni màá ti lọ rà á. Wọ́n ní kí n kí àwọn ẹlẹ́pà.