Àyẹ̀wò ọdún 2025: Bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́kàn mi, ohun tó ń pa mí lẹ́kún nínú ẹ̀ ló yí padà

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Ẹ mọ̀ pé tó bá ti di àkókò báyìí mo máa ń jókòó kọ ohun tójú mi rí láàárín ọdún sílẹ̀, ti iṣẹ́, ti ilé, ti owó. Tọdún yìí ò gùn rárá níbẹ̀ yẹn: iṣẹ́ ń lọ, àwọn ọmọ ń ga, ilé tòrò, Ọlọ́run ló ṣe é. Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ, torí òun ló jẹ́ kí n mọ̀ lọ́dún yìí pé mo ti dàgbà lóòótọ́.

Ẹ rántí ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá, ní Rabat ní Morocco, àwa àti DR Congo, eré tá a gbọ́dọ̀ borí ká tó lè máa retí World Cup Amẹ́ríkà. Onyeka gbá tiwa wọlé ní ìṣẹ́jú kẹta, gbogbo àdúgbò hó yèè, àwọn kan ti ń sọ pé Amẹ́ríkà ti yá, àfi bí Congo ṣe dá a padà kí wọ́n tó lọ sinmi, Osimhen fara pa kò lè padà wọlé, la bá ń wọ́ ọ lọ títí ó fi di pẹ́nárítì. Mo dìde níbi tí mo jókòó sí, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Dókítà ti bá mi sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyàwó mi ò sì fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan lórí ìyẹn. Ìta níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti nà wá, torí kò sẹ́ni tó pariwo. 4-3. Ẹ̀ẹ̀kejì tẹ̀léra nìyẹn tí a ò ní lọ World Cup, a ò lọ Qatar, a ò ní lọ Amẹ́ríkà.

Mo wọlé, mo jẹun, mo gbàdúrà, mo sùn, oorun náà sì gbé mi lọ.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní kékeré á mọ̀ pé nǹkan ńlá nìyẹn. Lọ́jọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2000 tí Cameroon fi pẹ́nárítì gba AFCON, ife ilẹ̀ Áfíríkà, lọ́wọ́ wa ní Surulere, tí bọ́ọ̀lù Ikpeba lu òpó òkè tó sì já sẹ́yìn ìlà, tí rẹfirí ní kò wọlé, mi ò jẹun alẹ́, mi ò jẹun àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ẹni tó bá bá mi sọ̀rọ̀ nílé ni mò ń kanra mọ́. Ní World Cup 1998 tí Denmark na wá ní 4-1 ní Faransé, mo ya gbogbo fọ́tò Super Eagles tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri. 1994 wá ńkọ́, ọjọ́ Italy! Amunike ti gbá tiwa wọlé, ó ku bí ìṣẹ́jú méjì kí eré parí, àwọn àgbà ti ń dì mọ́ra wọn ní pálọ̀ lándílọ́ọ̀dù wa ní Òkè-Àdó, ni Baggio bá dá a padà, wọ́n fi àkókò kún un, ó tún fi pẹ́nárítì ṣe èkejì. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn títí ojú mi fi wú. Mi ò rò pé nǹkan kan tún lè dùn mọ́ mi nínú mọ́ láyé.

Ní ti Congo yìí, èsì kọ́ ló ká mi lára. Nígbà tí mo wọlé padà, wọ́n ṣì ń fi àwọn ọmọ wa hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, òmíràn jókòó sórí koríko, òmíràn fi jẹ́ẹ̀sì bojú, àwọn mẹ́ta tí pẹ́nárítì wọn ò wọlé sì wà láàárín wọn. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ìyá àwọn ọmọ yìí ń wò wọ́n báyìí o. Ẹ ṣáà rò ó wò, ọdún 1998 tí mò ń sunkún torí Denmark yẹn, ìparí ọdún náà gan an ni wọ́n bí Osimhen. Lójú èmi ọmọdé, òrìṣà ni Yekini àti Keshi. Àwọn tó ń gbá a fún wa báyìí, àbúrò ni wọ́n jẹ́ sí mi, ọmọ mi àkọ́bí sì ti fẹ́ẹ̀ lè bá àwọn tó kéré jù nínú wọn ṣeré. Mi ò lè bú wọn mọ́. Mo gbìyànjú ẹ̀ lórí WhatsApp àwọn tá a jọ kàwé, tí gbogbo èèyàn ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́.

Àmọ́ oṣù kọkànlá kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ lára mi. Ọjọ́ kẹta oṣù keje ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ọmọ mi ọkùnrin já wọ yàrá wa láìkanlẹ̀kùn. Liverpool lòun ń ṣe, Arsenal ni tèmi, ẹ̀fẹ̀ la sì máa ń fi í ṣe láti òwúrọ̀ dalẹ́, pàápàá lọ́dún yìí tí wọ́n gba líìgì tiwọn tó di 20. Ó ní, "Dádì, Jota ti kú." Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ó na fóònù sí mi. Diogo Jota, ọmọ Portugal tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Liverpool. Ìjàǹbá mọ́tò ní Sípéènì, òun àti àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 28, ìgbéyàwó ẹ̀ ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ mi jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wa, ó bú sẹ́kún. Mi ò sọ pé kó má sunkún. Mo jókòó tì í.

Ọjọ́ yẹn náà ni ìròyìn Peter Rufai tún wọlé. Dodo Mayana, bí a ṣe máa ń pè é! Ọmọ ọba Ìdímù, ẹni ọdún 61. Òun ló wà lójú ilé nígbà tá a gba AFCON ní Tunisia ní 1994, òun ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Italy yẹn, òun náà ló tún ṣọ́lé ní 1998. Àárẹ̀ mú mi lójijì, mo ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ mi bi mí pé ta ni, mo wá fídíò fún un lórí fóònù, ó wò ó, ó ní "ó dáa gan an o Dádì", ó dá a padà fún mi. Mi ò bá a wí, níbo ló ti máa mọ̀ ọ́n? Kò sí fídíò tó lè fi hàn án pé ní pápá wa lẹ́yìn ilé-ìwé, ẹnikẹ́ni tó bá ti wà lójú ilé Rufai lorúkọ ẹ̀, pé ọ̀rẹ́ mi kan wà tí gbogbo wa gbàgbé orúkọ gidi tí òbí ẹ̀ sọ ọ́, Rufai náà la pè é títí a fi ṣe tán ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ọ̀fọ̀ méjì lọ́jọ́ kan nínú ilé kan, bàbá ń ṣe tiẹ̀, ọmọ ń ṣe tiẹ̀.

Ibẹ̀ ni bàbá mi ti wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ Shooting Stars, 3SC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, pọ́ńbélé ni wọ́n, wọn ò fi bò. Wọ́n wà ní pápá ìṣeré ní 1980 tí Odegbami gbá méjì tí Muda Lawal gbá ẹyọ kan tá a fi 3-0 na Algeria nínú àṣekágbá AFCON. Wọ́n rí Zamalek ti Íjíbítì tó na 3SC nínú àṣekágbá Áfíríkà ní 1984, wọ́n tún pẹ́ láyé wọ́n rí i ní 1996 tí Zamalek yìí kan náà fi pẹ́nárítì gba ife yẹn mọ́ wa lọ́wọ́. Gbogbo ẹ̀, mi ò rí i kí omi bọ́ lójú wọn. Ní 2000 tí mo ń kanra kiri ilé, wọ́n kàn ní kí n lọ sùn, pé ilẹ̀ á mọ́.

Ẹkún tí mo rí lójú wọn ni ti oṣù keje ọdún 1991, tí rédíò kéde pé Muda Lawal kú. Ọmọ ọdún mélòó kan ni mí, mò ń jẹ ẹ̀bà. Wọ́n pa rédíò, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n sunkún níwájú ìyàwó àtọmọ. Ẹni tó lọ AFCON márùn-ún, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Ìbàdàn bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kò tíì pé ẹni 40 ọdún! Wọn ò ṣàlàyé fún wa, àwa náà ò sì bi wọ́n. Ọjọ́ orí tí wọ́n wà nígbà yẹn ni mo wà báyìí.

Torí náà, àwọn tó ń sọ pé téèyàn bá ti dàgbà, bọ́ọ̀lù á kúrò lára ẹ̀, mi ò gbà. Ohun tí mo rí lára mi, tí mo sì rí lára bàbá mi, ni pé ọkàn èèyàn ń kúrò lórí èsì, ó ń lọ bá àwọn tó gbá a. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, a ò tíì sìnkú ẹnikẹ́ni, a ò tíì wá owó ilé-ìwé ọmọ tì, iṣẹ́ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ wa rí, kí ni ì bá tún dùn wá ju kí wọ́n na Nàìjíríà lọ? Ìbànújẹ́ tó tóbi jù tá a mọ̀ nìyẹn. Tó o bá wá ti sin bàbá ẹ, 4-1 Denmark á wá àyè tiẹ̀ jókòó sí. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹ nígbà tó o wà lọ́mọdé ni ò ní kéré láéláé. Ẹ wo àwọn ti 1994 yìí: Uche Okafor lọ ní 2011, Yekini tó di àwọ̀n mú tó ń ké lọ́jọ́ Bulgaria lọ ní 2012, níbí ní Ìbàdàn, wọ́n gbé e lọ sin sí Ìrá, Thompson Oliha lọ ní 2013, Agbonavbare ní 2015, Keshi ní 2016, Rufai wá kún un lọ́dún yìí. Christian Chukwu tó jẹ́ kápútéènì Nàìjíríà ní 1980 náà lọ ní oṣù kẹrin. Tí mo bá ka orúkọ wọn báyìí, ó ń ṣe mí bíi kí n lọ kan ilẹ̀kùn gbogbo ẹni tá a jọ wò ó ní pálọ̀ lándílọ́ọ̀dù yẹn, kí n kí wọn.

Ara náà wà níbẹ̀ ṣá, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Àwọn dókítà kan ṣe ìwádìí ní Munich nígbà World Cup 2006, wọ́n rí i pé lọ́jọ́ tí Jámánì bá ń gbá, àwọn tí ọkàn wọn ń dá wàhálà sílẹ̀ tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì ju ìlọ́po méjì ti ọjọ́ lásán lọ. Àwa náà ò gbàgbé oṣù kejì 2024, àwa àti South Africa, ọjọ́ pẹ́nárítì AFCON, àwọn kan wò ó títí wọ́n fi ṣubú, wọn ò dìde mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní 40, tí dókítà ti bá sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn yín kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì jáde síta tó bá di pẹ́nárítì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé mo ti dákẹ́ o! Ẹ bi àwọn ará ilé wa nípa ọjọ́ 26 oṣù keje. Rabat náà ni, Super Falcons àti Morocco, àṣekágbá WAFCON, AFCON ti àwọn obìnrin. Ìṣẹ́jú 24 péré, 2-0 ti wà lọ́rùn wa, nínú ilé wọn, èrò wọn ń hó. Ọmọ mi obìnrin ti fẹ́ lọ sùn, mo ní kó jókòó. Okoronkwo fi pẹ́nárítì dá ọ̀kan padà, Folashade Ijamilusi ṣe èkejì, Echegini wá fi ti 88 parí ẹ̀! Mo pariwo débi tí àwọn alájọgbé wa fi wá wò ó bóyá olè ló wọlé. Mo gbé ọmọ yẹn sókè, ọmọ tó ti ga dé èjìká mi, ìgbáròkó mi sọ fún mi lọ́jọ́ kejì. Ife kẹwàá! Nígbà tí Rasheedat Ajibade gbé e sókè, tó tún gba ti ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù, inú mi dùn sí òun fúnra ẹ̀, ọmọ Yorùbá yìí, ọmọ ẹlòmíì tó ń sáré láti kékeré. Ìdùnnú yẹn dé ibi tí ti 1996 ò dé, ọdún tí Kanu pa Brazil lóru ní Olympics, torí nígbà yẹn Nàìjíríà nìkan ni mo rí, mi ò rí Kanu.

Nǹkan kan wà tó ń kọ mí lóminú lórí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa. Ní viewing centre tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa, tí góòlù bá wọlé, ẹ ò ní mọ ẹni tó ń ṣe tíìmù wo mọ́, tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ta ni wọ́n ń wò. Ọmọ kan pariwo inú dídùn nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sílé ẹgbẹ́ tóun fúnra ẹ̀ ń ṣe, torí "over 2.5" ló ta, ìyẹn pé góòlù á tó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò mọ bí irú ìfẹ́ yẹn á ṣe dàgbà pẹ̀lú ẹ̀, àbí ta ni á máa rántí tó bá di ẹni 45 ọdún, ẹni tó gbá a àbí tíkẹ́ẹ̀tì tó já? Ó dùn mí fún wọn gan an ni.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, AFCON ti bẹ̀rẹ̀ ní Morocco, a sì ń wò ó. Ní ti World Cup, tí oṣù kẹfà bá dé, mo ti yan Cape Verde, ìlú kékeré yẹn tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ mi ní Portugal lòun torí Jota, ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, Adamasingba ni mò ń kó àwọn méjèèjì lọ, wọn ò tíì wo 3SC lójúkojú rí. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ tí wọ́n ń gbá nílé nínú oṣù kìn-ín-ní, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, kó sì sọ tó bá máa wà níbẹ̀, ká jọ jókòó síbì kan náà. Up Shooting!