Bí wọ́n ṣe tu 20 kúrò nínú kóòdù Git

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún kóòdù àtijọ́ tò láì da iṣẹ́ rú, kóòdù Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn gbogbo àyípadà inú kóòdù, ni kó lọ kà. Kì í ṣe bí a ṣe ń lò ó ni mò ń wí o, bí àwọn tó ń kọ ọ́ ṣe ń tún un ṣe ni. Ẹ̀dà rẹ̀ kan wà lórí laptop mi ní ọ́fíìsì wa lẹ́bàá South Gate FUTA, níbí ní Àkúrẹ́. Tí ẹ bá ti clone rẹ̀ (ìyẹn ni pé ẹ dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà yín) lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìtàn rẹ̀ ti wọlé nìyẹn. Iná ìbáà lọ, dátà ìbáà tán, `git log` á ṣì máa dá yín lóhùn.

Oṣù kẹrin ọdún 2005 ni Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Git, nígbà tí àwọn tó ń kọ Linux kò rí BitKeeper, irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, lò lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Oṣù keje ọdún náà ló gbé e lé Junio Hamano lọ́wọ́ kó máa bójú tó o. Gbogbo ohun tí Git bá tọ́jú ló ń fún lórúkọ, SHA-1, ìlànà ìṣirò tó ń sọ ohun yòówù di nọ́ńbà gígùn kan, ló sì fi ń ṣírò orúkọ náà: báìtì 20 géérégé. Ìdí nìyẹn tí `unsigned char sha1[20]` (àyè fún báìtì 20) fi wà nínú fáìlì yìí, nínú ìyẹn, àti nínú èyí tó tẹ̀lé e. Iṣẹ́ kánjúkánjú ni nígbà náà, mi ò rí ẹ̀bi kankan níbẹ̀.

Lóṣù kejì ọdún 2017, àwọn onímọ̀ láti CWI ní Netherlands àti Google gbé PDF méjì jáde tí ohun inú wọn yàtọ̀, àmọ́ tí SHA-1 wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ìyẹn ni pé ohun méjì lè jẹ́ orúkọ kan. Ó wá hàn sí gbogbo èèyàn pé Git gbọ́dọ̀ lè lo SHA-256, ìlànà tó lágbára ju SHA-1 lọ, tí báìtì tirẹ̀ jẹ́ 32. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tó ń jẹ́ brian m. carlson (lẹ́tà kékeré ló fi ń kọ orúkọ rẹ̀) ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti 2015. Níbẹ̀rẹ̀, ó kàn dá `struct object_id` sílẹ̀ ni, bí àpótí kan tí orúkọ náà á máa gbé. Array (ìlà báìtì) kan náà ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń lo Git kò sì lè mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ó wá ń ti inú fáìlì kan bọ́ sí òmíràn: `hashcpy`, tó ń da orúkọ kọ, di `oidcpy`; `hashcmp`, tó ń fi orúkọ méjì wéra, di `oidcmp`. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ibi tí àyípadà bá ti jọra jù, Coccinelle, irinṣẹ́ tó ti Inria wá ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ń lò: ẹ ó kọ àpẹẹrẹ àyípadà náà lẹ́ẹ̀kan, á wá irú rẹ̀ kiri gbogbo fáìlì C. Nígbà tí Git 2.29 fi máa jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, repository (ibi tí Git ń tọ́jú iṣẹ́ kan sí) tó ń lo SHA-256 ti ṣeé dá sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń dán an wò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ kéré gan-an. `oidcmp` máa ń dá 0 padà tí nǹkan méjì bá dọ́gba, torí náà `if (!oidcmp(a, b))` ni wọ́n ń kọ. Ojú á rí àmì "kò" (`!`) níbi tí ọ̀rọ̀ ti jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni". Ní 2018, Jeff King fi `oideq` kún un, ó wá di `if (oideq(a, b))`. Ẹni tó bá ń ka kóòdù lóru, tí oorun ti ń kun ojú, á mọ rírì rẹ̀.

Irú 20 yẹn wà lọ́dọ̀ tiwa náà. A ní oníbàárà kan nílùú Oǹdó tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Kóòdù tí a bá nílẹ̀ ka àpò kan sí kílò 64, 64 yìí ni wọ́n sì kọ síbi gbogbo. Oníbàárà wá fẹ́ máa yan ìwọ̀n àpò fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ń ṣe SIWES lọ́dọ̀ wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kàn ṣe replace all?" Mo ní kó kọ́kọ́ ṣe `git grep -n -w 64`. `VARCHAR(64)` jáde pẹ̀lú wọn, níbi tí orúkọ àgbẹ̀ ń gbé: iye lẹ́tà ni 64 yẹn, kì í ṣe kílò.

Commit (àyípadà kan tí Git tọ́jú) àkọ́kọ́ kàn fún nọ́ńbà náà lórúkọ, `KILO_APO = 64`, ó parí síbẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e mú ojú ìwé rìsíìtì. A tún àwọn rìsíìtì àtijọ́ ṣírò, a fi wé ti tẹ́lẹ̀ náírà sí náírà, kọ́bọ̀ sí kọ́bọ̀. Ibẹ̀ la ti rí i pé kóòdù náà ń gé kọ́bọ̀ dànù. Ọwọ́ ń yún ọmọ náà láti tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó ní commit tirẹ̀. `git add -p` ni mo fi hàn án: á gé àyípadà sí wẹ́wẹ́, á béèrè y tàbí n lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí owó àgbẹ̀ bá ṣì lọ́la, `git bisect`, tó ń wá commit tó ba nǹkan jẹ́, á nawọ́ sí ọ̀kan ṣoṣo. Mo fẹ́ kí commit yẹn kéré débi pé ẹni tó bá ṣí i á rí ohun tó bàjẹ́. Bí títúntò bá ti wà pọ̀ mọ́ àtúnṣe owó, ta ló máa yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì?

Ohun kan wà nínú ìlànà àwọn oní-Git tí mo fara mọ́ pátápátá. Tí iṣẹ́ gidi bá gbé yín dé inú fáìlì kan, ó dáa kí ẹ kọ́kọ́ gbá ibẹ̀ mọ́. Àmọ́ tí kò bá sí iṣẹ́ níbẹ̀, ẹ má kàn máa rú kóòdù torí ẹwà. Fáìlì ìròyìn oṣù tiwa ṣì ní 64 mẹ́rin nínú. A fi wọ́n sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ní ká fi nǹkan kún ìròyìn náà, àwọn la ó kọ́kọ́ mú.