Àgọ́ Tí Mo Dá Gbé Lọ Ṣọdẹ ní Orí Òkè Flat Tops

Ìdílé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí ní agbègbè Ṣakí, ṣùgbọ́n Colorado ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo ti kọ́kọ́ dá nìkan wọ igbó ọdẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi kì í gbé àgọ́ kankan lọ sí ìgbẹ́. Bí òjò bá ká wọn mọ́ lóru, ìdí igi ńlá tàbí ahéré àgbẹ̀ tó bá wà nítòsí ni wọn yóò yà sí, nítorí pé ilẹ̀ wa kò tutù débi tí ẹni tí òjò pa yóò fi gan pa kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní orí òkè Flat Tops, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Flat Tops wà ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Colorado, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ga ju 3,000 mítà lọ. Ní ọdún 1919, ìjọba rán Arthur Carhart lọ sí etí adágún Trappers Lake kí ó lọ wọn ilẹ̀ fún ilé ìgbafẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí ó mú bọ̀ ni pé kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Títí di òní, òfin kò gba mọ́tò, kẹ̀kẹ́ tàbí ọmọlanke láàyè nínú igbó náà, nítorí náà, ẹran tí ẹ bá pa níbẹ̀, ẹ̀yìn yín tàbí ẹ̀yìn ẹṣin ni yóò gbé e jáde.

Elk ni ẹran tí mo ń fi ọrun àti ọfà lépa. Ó jọ àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n akọ rẹ̀ tó dàgbà lè wọ̀n tó 300 kìlógíráàmù, ẹran tí a bá sì gé kúrò lára egungun rẹ̀ lè lé ní 80. Ẹni tó dá wà yóò lọ, yóò bọ̀, nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó kó o tán. Àwọn àgbà wa ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ìyà yẹn ni mo máa ń rò mọ́ àgọ́, torí gbogbo ohun tí mo bá gbé wọ igbó ni n óò tún gbé jáde nígbà tí èjìká mi bá ti ń ro mí.

Ìrònú yìí ló jẹ́ kí n ṣìṣe ní ọdún àkọ́kọ́. Ìwúwo tí wọ́n kọ sára páálí nìkan ni mo wò. Mo ra àgọ́ kan tí aṣọ rẹ̀ jẹ́ ìpele kan ṣoṣo, tí kò tó 600 gíráàmù, ẹni tó tà á fún mi sì ní kò sí òjò tí yóò wọ inú rẹ̀. Òótọ́ ló sọ, òjò kò wọlé. Èémí tèmi fúnra mi ló rọ̀ lé mi lórí. Lóru ọjọ́ kejì, mo tan tọ́ọ̀ṣì orí mi, mo sì rí i pé aṣọ àgọ́ náà ti làágùn láti òkè dé ilẹ̀, ẹ̀kán omi rọ̀ dirodiro lára rẹ̀, bí mo bá sì ṣèèṣì fi orí kàn án, wọn a dà sí mi lọ́rùn. Nígbà tí ó fi máa di agogo márùn-ún, ẹ̀kán wọ̀nyẹn ti di yìnyín wínníwínní tó ń já bọ́ bí iyọ̀ nígbàkígbà tí afẹ́fẹ́ bá mi àgọ́. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló wà nínú àpò tí mo wọ̀ sùn, ìyẹ́ tó bá sì ti rin kì í mú ooru mọ́. Ibi ẹsẹ̀ rẹ̀, tó kan ara aṣọ àgọ́, ti rin gbindin. Mo gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì kó ẹrù mi sílé lọ́jọ́ kẹta láì tíì rí ìrù elk kan.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi lórí fóònù, wọn kò bá mi wí. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n bi mí. “Ṣé o lè pa àgọ́ yẹn nínú òkùnkùn láì tan iná? Ṣé o lè jókòó nínú rẹ̀ wọ bàtà? Níbo ni ọrun rẹ ń sùn?” Mo kọ wọ́n sílẹ̀, mo sì fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo àgọ́ tí mo yẹ̀ wò lẹ́yìn náà.

Àwọn ọdẹ kan níbí fẹ́ràn àgọ́ tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí kò ní aṣọ ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń dá iná sítóòfù onígi nínú rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta bá pín ẹrù rẹ̀, n kò rí àléébù kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo kò lè máa ru sítóòfù kí ó tún máa ṣẹ́gi lálaalẹ́ nígbà tó yẹ kí ó ti sùn. Èyí tó dà bí àpò gígùn, tí ènìyàn kàn ń wọ inú rẹ̀ sùn, ló fúyẹ́ jù, àmọ́ kò ṣeé jókòó sí, ọrun kò sì ní àyè nínú rẹ̀.

Ibi tí ọkàn mi balẹ̀ sí ni àgọ́ aláṣọ méjì. Ti inú jẹ́ àwọ̀n, ti òde ló ń gba òjò. Èémí ẹni tó ń sùn yóò gba ojú àwọ̀n kọjá, yóò di omi lára aṣọ òde, yóò sì ṣàn lọ sílẹ̀ láì kàn án. Nínú àwọn tí mo gbé lé ìwọ̀n, ohun tí aṣọ kejì yìí fi kún ẹrù kò ju nǹkan bí 300 gíráàmù lọ. Lójú tèmi, ẹni tó bá torí 300 gíráàmù sùn nínú omi kò tíì rí òtútù orí òkè.

Ọ̀rọ̀ irú aṣọ pẹ̀lú gba àròjinlẹ̀. Náílọ́nù tí wọ́n fi sílíkónì bò lágbára, ṣùgbọ́n ó máa ń mu omi, bí ó bá sì ti mu ún, yóò nà, tí àgọ́ tó le kankan nírọ̀lẹ́ yóò fi rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ lóru, tí onítọ̀hún yóò sì ní láti jáde lọ fa okùn. Poliẹ́sítà kì í nà bẹ́ẹ̀. Dyneema, tí ìran rẹ̀ ti ara aṣọ ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi onídìíje wá, kì í mu omi rárá, òun ló sì fúyẹ́ jù, àmọ́ owó rẹ̀ ga gan-an, kò sì ṣeé rún mọ́ra sínú àpò. Mo mú poliẹ́sítà.

Àgọ́ tí mo rà kò ní igi tirẹ̀. Ọ̀pá ìrìn méjì tí mo fi ń gun òkè náà ló ń gbé e dúró, ó sì ní ìloro lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Pẹ̀lú èèkàn àti okùn, 940 gíráàmù ni mo bá a lórí ìwọ̀n ilé ìdáná mi. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa wọn tiyín fúnra yín, nítorí ìwúwo tó wà lára páálí kì í sábà ka èèkàn mọ́ ọn.) Mo pa á nígbà mọ́kànlá lẹ́yìn ilé wa kí n tó gbé e lọ, ìgbà mẹ́rin nínú òkùnkùn biribiri, títí ọwọ́ mi fi mọ ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan wà.

Inú oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni mo padà lọ, nígbà tí òfin gba àwọn tó ń fi ọrun àti ọfà ṣọdẹ láàyè. Ní àwọn ọdún 1940, kòkòrò ajẹgi pa igi spruce lọ súà ní Flat Tops, àwọn kan nínú òkú igi náà sì dúró síbẹ̀ títí di òní, wọ́n ti funfun bí egungun. Afẹ́fẹ́ lè gbé wọn ṣubú nígbàkígbà, nítorí náà mo kọ́kọ́ gbójú sókè kí n tó wo ilẹ̀. N kò pàgọ́ sí ìsàlẹ̀ àfonífojì, nítorí bí oòrùn bá ti wọ̀, afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn wá síbẹ̀ bí omi, yóò sì gbé òórùn ènìyàn lọ bá ẹran. Ibi pẹrẹsẹ kékeré kan ní agbedeméjì òkè ni mo yàn. Mo so oúnjẹ mi kọ́ sórí igi tó jìnnà nítorí béárì dúdú, mo sì tẹ́ ọrun mi sí ìloro apá òsì.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́, igbe akọ elk kan ló jí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìkùn nísàlẹ̀ ọ̀fun, ó ga títí ó fi di ìfé, ó sì já lójijì. Mo fọwọ́ kan àpò tí mo sùn sí, ó gbẹ. Mo na ìka gba ẹnu ọ̀nà kan aṣọ òde, omi wà lára rẹ̀ púpọ̀. Mo jókòó, mo wọ bàtà, mo ṣí síìpù díẹ̀díẹ̀, mo mú ọrun láì tan iná. Nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, láàárín àwọn igi aspen, ó yà sí mi ní ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n 25 mítà, mo sì ta á lọ́fà.

Àléébù àgọ́ mi hàn lẹ́yìn èyí. Ẹni tó ru ẹran sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta kò lè ṣe é láì sí ọ̀pá, ọ̀pá mi méjèèjì ló sì ń gbé ilé mi ró. Mo yọ wọ́n, mo tẹ́ àgọ́ náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, mo fi àwọn èèkàn rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀, mo sì gbé òkúta lé e. Nígbà tí mo bọ̀ lálẹ́ lẹ́yìn ìrìn kejì, mo ki ọ̀pá bọ ibi wọn padà, àgọ́ sì dìde láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ìrìn kẹrin, tí mo kó ìyókù ẹran, ni mo ká a mọ́ ẹrù.

Nígbà tí mo délé, mo ta á sórí okùn aṣọ kí ó gbẹ kí ó má baà hu, mo sì pe bàbá mi lórí fóònù kí wọ́n rí i. Wọ́n ní kí n gbé ojú fóònù sún mọ́ ìloro, wọ́n sì wò ó pẹ́.

“Ibí ni ọrun sùn sí?”

Mo ní, “Ibẹ̀ ni, bàámi.”