Ẹ yé lu ọwọ́ ọmọ yẹn

Lánàá, nítòsí Ọjà Ọba n'Ílọrin, Àlàájà kan gbá ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ torí ó ń fi eyín gé èékánná. Wọ́n ti fi omi ewúro pa á níka rí, kò gbọ́. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Ọmọ ní, "Àǹtí, mi ò kì í mọ ìgbà tọ́wọ́ mi ń dẹ́nu."

Òótọ́ ni. Bí àyà bá ń já, bí ilé bá sú èèyàn, kódà bí ọkàn bá wà lórí ìṣirò líle, ọwọ́ á kàn gbéra ni. DSM-5, ìwé àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà tó jáde ní 2013, mẹ́nu ba àṣà fífi eyín gé èékánná yìí. JAMB ọmọ yìí sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀!

Mo ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní tẹ̀sùbáà kó máa fà á, kọ́wọ́ rẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe." Wọ́n ní àwọn á dán an wò.