Ẹ Po Tíì Gbogbo Wọn Mọ́ Tiyín: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ láti wá ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba, àti ẹ̀yin tí ẹ ti dé àmọ́ tí ara yín kò tíì balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2009 ni, oṣù kejì mi nínú wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó ní Yorkshire. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀. Ìyá náà pè mí, ó ní, “Ọmọ mi, kí ni tíì òní?” Mo sáré lọ po tíì, mo bu mílíìkì àti ṣúgà sí i, mo gbé e wá. Ó wò ó, ó wò mí, ó dúpẹ́, ó mu ún tán. Láìpẹ́ ó tún pè mí: “Ọmọ mi, kí ni tíì òní?” Mo po òmíràn, ó tún dúpẹ́, ó tún mu ún. Ìgbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta ni obìnrin tó ń tọ́jú ilẹ̀ wọ́ọ̀dù fà mí lápá, ó ní oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ni ìyá ń béèrè.

Ní apá àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní tíì. Dínà wọn, ọ̀sán ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Àwa náà kúkú ní tiwa, torí nílé wa, ì báà ṣe Milo, ì báà ṣe Bournvita, tíì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tíì yẹn. Ebi ń pa ìyá àgbà yìí, ó sì mu ife méjì tí kò béèrè fún, kó má bàa dójú ti ọmọ àlejò tó gbé e wá. Ẹni tó bá mọ ìdí tí ìyá yẹn fi mu tíì méjèèjì tán ti mọ ohun tó pọ̀ nínú ìwà àwọn èèyàn yìí.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Àwa la ni òwe yìí, àmọ́ n kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń lò ó tọ̀sán-tòru bíi ti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá wọ́ọ̀dù wa sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan pé tí mo bá ráyè, bóyá mo lè fẹ́ wo ìwé tí a fi ń kọ iye omi tí aláìsàn kan ń mu. Bí mo ṣe gbọ́ “tí mo bá ráyè” àti “bóyá”, mo gbà pé ọwọ́ mi ló wà. Iṣẹ́ pọ̀, n kò ráyè. Àṣé àṣẹ ni. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn náà ló fi bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé inú rẹ̀ bà jẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi, torí omi aláìsàn kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ́tí sí ohun tí wọn kò sọ. Bí wọ́n bá ní nǹkan “kò burú”, ó dára gan-an ni. Bí wọ́n bá ní ó “dára díẹ̀”, ẹ padà lọ tún un ṣe. Bí ẹ bá dá àbá nínú ìpàdé tí ẹnì kan sì ní àbá náà gbádùn mọ́ òun, ẹ má tíì yọ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn. Ẹ má pè é ní àgàbàgebè. Ìyá wo nínú wa ni kò fi ojú bá ọmọ rẹ̀ wí rí níwájú àlejò pé kó má na ọwọ́ sí ẹran kejì? Ojú la fi ń sọ tiwa. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń sọ tiwọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti lè pa èèyàn ni ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì. Àwọn àgbàlagbà wọn kì í fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, wọ́n sì gbà pé ìráhùn kò yẹ àgbà. Mo tọ́jú ọkùnrin kan tí egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Mo béèrè bí ìrora náà ṣe pọ̀ tó láti òdo dé mẹ́wàá, ó ní méjì, ó ní ó kàn ń dun òun díẹ̀ ni. Mo ní kó yí díẹ̀ kí n lè tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dáadáa. Kò ké, ṣùgbọ́n òógùn bò ó, ó sì di irin bẹ́ẹ̀dì mú tí ìka rẹ̀ fi funfun. Mẹ́sàn-án ni ìrora yẹn, kì í ṣe méjì. Nítorí náà, ẹ má gba nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá lé. Ẹ ní kó wúkọ́, ẹ ní kó yí, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ àti iwájú orí rẹ̀. Bó bá sì kan ẹ̀yin fúnra yín, tí èémí aláìsàn bá ń lọ sílẹ̀ tí ẹ ń pe dókítà lórí fóònù, ẹ gbé àbọ̀ ọ̀rọ̀ jù sílẹ̀. Ẹ sọ odidi, kí ẹ sì sọ ọ́ kíákíá.

Ọ̀rọ̀ “sọ́rì” náà ń fẹ́ àlàyé. Bí ife bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, pẹ̀lẹ́ ló ń bọ́ sí wa lẹ́nu, a sì máa ń fi sọ́rì túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n á wò yín, wọ́n á ní kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣe é. Sọ́rì tiwọn kì í ṣe pẹ̀lẹ́ tiwa. Síbẹ̀, bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, àwọn tí ẹ tẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́! Wọ́n ń lò ó láti fi la ọ̀nà, láti fi béèrè ohun tí wọn kò gbọ́ dáadáa, àti láti fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. N kò tíì jáwọ́ nínú pẹ̀lẹ́ tèmi. Mo kàn ń sọ ọ́ lédè Yorùbá ni, mo sì ti ní àwọn aláìsàn tó kọ́ ọ lẹ́nu mi.

Orúkọ ńkọ́? Ọ̀gá tó lè bí mi lọ́mọ ní kí n máa pe òun ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kí n má fi nǹkan kan ṣáájú. Ahọ́n mi kọ̀. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, mo máa ń rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, kí n má bàa pè é láti òkèèrè. Nígbà tó yá ó béèrè bóyá òun ṣẹ̀ mí ni. Mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín títí. Ẹ pè wọ́n bí wọ́n ṣe ní kí ẹ pè wọ́n, kì í ṣe àrífín. Àwọn aláìsàn yàtọ̀: ẹ béèrè lọ́wọ́ oníkálukú, torí àwọn àgbàlagbà kan ń fẹ́ kí ẹ fi orúkọ ìdílé àti oyè ìgbéyàwó pe àwọn. Bí obìnrin àgbà kan ní Yorkshire bá sì pè yín ní “love”, tàbí tí ará Derby pè yín ní “duck”, ẹ jẹ́ “ọmọ mi” ni o.

Ẹ tún ṣọ́ra kí ẹ má pe ará Scotland tàbí ará Wales ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó máa ń dùn wọ́n bó ṣe máa dun ará Ìjẹ̀bú bí a bá ní ará Ìbàdàn ni.

Ká padà sórí tíì tí à ń mu. Inú ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún ni ewé náà wọ ilé ọlọ́lá níbí. Catherine, ọmọ ọba ilẹ̀ Potogí tí Ọba Charles Kejì fẹ́ ní 1662, ló sọ ọ́ di ohun iyì láàfin. Nígbà tó yá, tálákà náà ń mu ún, ṣúgà inú rẹ̀ sì ń ti oko tí wọ́n ti ń fi àwọn èèyàn wa ṣẹrú ní Caribbean wá. Mo máa ń rántí ìyẹn nígbà mìíràn tí mo bá ń ro ife. Lẹ́nu iṣẹ́, òfin rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan: ẹnikẹ́ni kì í dìde lọ po tíì tirẹ̀ nìkan. Ẹ ó béèrè ta ló fẹ́, ẹ ó po ti gbogbo wọn, lọ́la ẹlòmíràn á po tiyín. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń po tèmi nìkan, tí mo ń gbé e lọ síbi ìjókòó mi. Ẹnikẹ́ni kò bá mi wí. Wọ́n kàn gbà pé n kò fẹ́ bá wọn ṣe ni. Lọ́jọ́ tí mo béèrè, tí mo kọ ọ́ sórí bébà pé ẹni báyìí kì í mu ṣúgà, ti ẹni báyìí gbọ́dọ̀ dúdú, ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè orúkọ àwọn ọmọ mi. Ibi tí wọ́n ń kí ara wọn sí nìyẹn. Inú ife ni “ẹ kú iṣẹ́” wọn wà.

Oṣù kọkànlá ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún jù. Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ẹ ó gbọ́ ohun tó ń dún bí ìbọn káàkiri ìlú. Irú nọ́káòtù tí àwọn ọmọ wa ń yìn nígbà Kérésì ni, àmọ́ ti wọn tóbi jù ú lọ. Ní 1605, àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì kan tí ìnira ìjọba ti sú fi àgbá ẹ̀tù 36 pamọ́ sábẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí wọ́n lè fi pa Ọba James. Wọ́n mú Guy Fawkes níbi tó ti ń ṣọ́ ọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dá iná, tí wọ́n sì ń sun ère rẹ̀. Ẹ bá àwọn arúgbó fa aṣọ fèrèsé dé lálẹ́ náà, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n. Mo tọ́jú ìyá kan tó jẹ́ ọmọdé ní Sheffield nígbà tí Jámánì ju bọ́ǹbù sílùú náà ní oṣù Kejìlá 1940. Ó sá sábẹ́ tábìlì.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ ìrántí àwọn tó kú lójú ogun. Láti 1921 ni wọ́n ti ń ta òdòdó pupa láti fi ran àwọn jagunjagun lọ́wọ́. Ẹ ju owó sínú àpótí, kí ẹ fi òdòdó náà há àyà. Ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ kọkànlá, gbogbo nǹkan á dúró fún ìṣẹ́jú méjì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti 1919.

Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, bàbá ẹni ọdún 87 kan wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀bá fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi tọ́jú rẹ̀, kò sọ ju “o ṣeun, ọmọ mi” lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní kí n bá òun wọ kóòtù lé aṣọ oorun. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, ó ní òun fẹ́ dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan dì í mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Gbogbo wọ́ọ̀dù dákẹ́, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń dún lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ń mọ̀ ọ́n lára bí apá rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n nínú ọwọ́ mi, àmọ́ ó dúró títí ìṣẹ́jú méjì fi pé.

Nígbà tó jókòó, ó bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ó ní, “Sannu.”

Èmi kì í ṣe Hausa, ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn. Sájẹ́ǹtì ni lásìkò ogun Hitler, ní Bọ́mà, ní àfonífojì Kaladan ní 1944, láàárín àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Dífíṣọ̀n 81. Ọmọ ilẹ̀ wa pọ̀ nínú wọn. Ó ní ọkọ̀ kò lè gba inú igbó náà, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Ó dárúkọ mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, orúkọ náà ṣì pé lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 65. Ó wo ojú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀.

“Wọn ò burú,” ó ní, “àwọn ọmọkùnrin yẹn ò burú rárá.”

Omi ti lé ròrò sí i lójú. Mo lọ po tíì fún un: mílíìkì díẹ̀, ṣúgà méjì.